Ọdún Kérésìmesì ní Ìlẹ̀ Àjèjì

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Àgbàlagbà tí ọdún bá bá ní àjò lè fi ọ̀rọ̀ yìí tu ara rẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n lójú ọmọdé, ilé ni ọdún ń gbé. Bí òun kò bá sí nílé, ọdún ti fo òun kọjá. Ọ̀ràn yìí ni ó kàn wá ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, nígbà tí a mú ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́rin lọ sọ́dọ̀ àbúrò wa ní Marseille, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé.

Òtútù mú, ilẹ̀ sì ń tètè ṣú. Ọmọ náà bi wá pé: “Bàbá, ṣé Kaléta máa dé ibí?” A ní Àjàṣẹ́ ni Kaléta wà. Ó bú sẹ́kún, ó ní kí a padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà òun. Ohun ìṣeré tí a rà kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ìyá arúgbó kan tí ó ń dá gbé lókè ilé náà ni ó rí ọgbọ́n rẹ̀ dá. Ní ọjọ́ 4 oṣù náà, ọjọ́ Bàbárà Mímọ́, ó gbé àwo kékeré mẹ́ta wá, ó tẹ́ òwú sí wọn, ó ní kí ọmọ náà fọ́n ọkà àlìkámà lé e, kí ó máa bu omi díẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Àṣà ilẹ̀ Provence ni: bí ọkà náà bá hù dáadáa, wọ́n ní ọdún tuntun yóò sunwọ̀n. Láti ìgbà náà, bí ọmọ wa bá jí, ìdí ọkà rẹ̀ ni ó ń sáré lọ. Kò bèèrè ìgbà tí a ó padà sílé mọ́. Iye ọjọ́ tí ó kù kí ọdún pé ni ó ń bèèrè.

A tún mú un lọ sí ọjà àwọn santon. Ère amọ̀ kékeré tí a kùn lọ́dà ni santon, tí wọ́n ń tò sí kírẹ́ẹ̀ṣì Ọmọ Jésù. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ẹni mímọ́ kékeré. Nígbà ìdìtẹ̀ ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Faransé ní 1789, a ti ilẹ̀kùn àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí kírẹ́ẹ̀ṣì níbẹ̀ mọ́. Àwọn ìdílé bá ń ṣe tiwọn sínú ilé. Jean-Louis Lagnel, ará Marseille (1764–1822), dá ohun tí a ń tẹ amọ̀ sí, tí ère púpọ̀ fi ń jáde ní ìrísí kan náà, kí tálákà pàápàá lè rà á. Láti 1803 ni ọjà náà ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe Màríà, Jósẹ́fù àti àwọn olùṣọ́-àgùntàn nìkan ni à ń rí níbẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja wà, oníbúrẹ́dì wà, apọ́nbẹ wà. Ọmọ wa wò wọ́n títí, ó ní: “Bàbá, ìyá alákàrà dà?” A fi ìyẹ̀fun tí a pò mọ ọ̀kan fún un. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹlẹ́ja.

Ní alẹ́ ọjọ́ 24, ìyá arúgbó náà pè wá sí oúnjẹ. Aṣọ funfun mẹ́ta ni ó tẹ́ sórí tábìlì, ó tan àbẹ́là mẹ́ta, nítorí Mẹ́talọ́kan. Kò sí ẹran nínú oúnjẹ náà. Ohun dídùn mẹ́tàlá ni a jẹ lẹ́yìn Misa òru, fún Jésù àti àwọn àpọ́sítélì méjìlá: ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ, àjàrà gbígbẹ, álímọ́ńdì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ wa, tí ó kéré jù, ni ó gbé Ọmọ Jésù sínú kírẹ́ẹ̀ṣì, láàárín ọkà tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn.

Àwo kan wà lórí tábìlì tí ẹnikẹ́ni kò jókòó tì. Ìyá náà ní ti tálákà ni, bí ó bá kan ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára. Màríà àti Jósẹ́fù kò rí àyè nínú ilé èrò. Wọ́n sì tún gbé ọmọ náà sá lọ sí Íjíbítì. Ìdílé tí ó wà lẹ́yìn odi ni wọ́n.

Ẹ̀yin òbí, bí ọdún bá bá yín ní àjò, ẹ fún ọmọ yín ní iṣẹ́ kan ṣe nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ká. Ohun tí a rà fún ọmọ, ọjọ́ kan ni. Ohun tí ó tọ́jú dàgbà ni ó ń di ọdún fún un. Bí ẹ bá sì wà nílé, ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Sábẹ, ẹ wo agbo ilé yín yíká. Ìdílé wo ni ó wá láti ọ̀nà jíjìn, tí ọmọ rẹ̀ ń bèèrè ìyá àgbà rẹ̀? Ẹ fi àwo kan kún tiyín.

Kí Ọmọ Jésù bá gbogbo wa gbé, nílé àti lájò. Àmín.