Ẹ̀sọ̀ ní Ìkóríta

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọkọ̀ tí ó bá sáré jù ni yóò kọ́kọ́ dé. Èrò yìí lè jọ òtítọ́ ní ojú ọ̀nà tí kò ní ìdènà, ṣùgbọ́n ní ìkóríta tí iná ti ń darí ọkọ̀, irọ́ ni, irọ́ tí a sì ń fi owó rà.

Ní Àgbálátà ní Àgbádárìgì, níbi tí mo ń gbé, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ epo kò kàn. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti mú ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìyá tí ó ń kó àgbọn lọ sí Èkó ní láti ka owó ọkọ̀ kí ó tó ka èrè. Epo tí awakọ̀ bá fi ṣòfò, orí àgbọn náà ni yóò bọ̀ sí.

Nígbà tí mo bá ń lọ sí Ìkẹjà, ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni mo máa ń fẹ́ jókòó sí. Ní ọjọ́ kan, awakọ̀ wa, àgbàlagbà kan, rí iná pupa ní ọ̀ọ́kán, ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò kí ọkọ̀ lè máa yí lọ jẹ́jẹ́. Obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yìí sáré, ọjọ́ ti lọ!” Ó dáhùn pé, “Ìyá mi, pupa ni ó ń dúró dè wá níbẹ̀. Kí ni kí n sáré lọ bá?” Ọkọ̀ mìíràn fọn fèrè, ó yà wá sílẹ̀, ó sì lọ dúró gbọnrangandan ní ìkóríta. Bí iná ti di àwọ̀ ewé, àwa tí a kò tíì dúró kọjá lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ìkóríta bá wà ní 300 mítà síwájú, tí ó sì ku ìṣẹ́jú-àáyá 30 kí ọ̀nà ṣí, ẹni tí ó ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan yóò dé ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 18, yóò sì dúró fún 12. Ẹni tí ó rọra ń lọ ní 36 kìlómítà yóò dé gẹ́lẹ́ bí ọ̀nà ti ń ṣí. Kí ni eré ti ẹni àkọ́kọ́ mú wá fún un? Ẹni tí ó bá ti ti ọmọlanke rí mọ̀ pé láti gbé e kúrò lójú kan ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Bí ó bá ti ń yí, ó dẹrùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ rí. Bíréèkì a máa sọ agbára tí epo ti fún ọkọ̀ di ooru lásán, nígbà tí ó bá sì tún ṣí, epo mìíràn ni yóò jó.

Ọgbọ́n yìí ni àwọn onímọ̀ ń fi kọ́ ọkọ̀ ní ayé òde òní. Ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Audi ti ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ìlú Las Vegas ní Amẹ́ríkà, nínú èyí tí ọkọ̀ ń gba ìròyìn iná ìkóríta, tí ó sì ń fi ìṣẹ́jú-àáyá tí ó kù hàn awakọ̀. Ní ọdún 2019, wọ́n mú un dé Ingolstadt ní Jámánì, ó sì ń sọ ìwọ̀n eré tí yóò bá àwọ̀ ewé pàdé. Ọkọ̀ tí ó bá lè darí ara rẹ̀ yóò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí yóò tẹ̀lé ìmọ̀ràn náà láìjanpata: fèrè ẹlòmíràn kò lè mú un bínú, ìtìjú pé a yà á sílẹ̀ kò sì lè mú un sáré.

Òótọ́ ni pé ojú ènìyàn kò lè ríran kọjá ọkọ̀ àjàgbé tí ó wà níwájú, ẹ̀rọ sì lè gbọ́ ìròyìn láti ìkọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí iná ìkóríta bá ti kú, ẹ̀rọ kò ní ohun tí yóò gbọ́. Ojú àti sùúrù awakọ̀ nìkan ni ó kù. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ó wakọ̀ lọ́la, ẹ kọ́ láti máa wo iwájú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, epo inú ọkọ̀ sì wà lára rẹ̀.