Ìwé Tó Sọnù, Àkọsílẹ̀ Tó Kù

Ní 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ló ṣègbé sí. Johnson kú ní 1901. Dókítà Obadiah, àbúrò rẹ̀, ló jókòó ti àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún fi í ránṣẹ́ ní 1916, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ òkun Appam tó gbé e, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó di 1921 kí ìwé náà tó jáde. Obadiah pàápàá ti kú.

Àkọsílẹ̀ yẹn ni mo máa ń rò. Ká ní orí Samuel nìkan ló lè túmọ̀ rẹ̀ ni, kí ni àbúrò ì bá rí fi ṣe? Ohun tí mo fi ń kọ́ ara mi nìyẹn: kí n kọ nǹkan sílẹ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Èmi fúnra mi lè jẹ́ ẹni yẹn lọ́dún mẹ́wàá sí i.

Ẹni tó ń ka ìtàn ogun Ìjàyè àti Ìbàdàn lè sáré kọ ọ́ pé: "Kúrunmí, ọ̀rọ̀ Àrẹ̀mọ, pàtàkì!" Lónìí, ó yé e yékéyéké. Lẹ́yìn ọdún kan ńkọ́? Tèmi á kà báyìí: "Kúrunmí, olórí Ìjàyè, kọ̀ láti gba Adélù, Àrẹ̀mọ Àtìbà, ní Aláàfin lẹ́yìn bàbá rẹ̀, torí àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá ọba kú. Johnson ló sọ bẹ́ẹ̀." Màá wá fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, kí n tó kọ ìbéèrè tèmi: ṣé torí àṣà nìkan ni, àbí Ìjàyè àti Ìbàdàn ti ń fojú burúkú wo ara wọn tẹ́lẹ̀? Ìlà kékeré yẹn ṣe iyebíye lójú mi. Òun ni kì í jẹ́ kí èrò mi di ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

Johnson náà dárúkọ àwọn tó bi léèrè: David Kúkọ̀mí n'Íbàdàn, Josiah Oni oníṣòwò, Lágunjú Tìmì Ẹdẹ. Ìdí nìyẹn táwọn onímọ̀ fi lè sọ lónìí pé ojú Ọ̀yọ́ ló fi wo Yorùbá. Ẹni tó bá fi orísun pa mọ́ kò jẹ́ kí a lè bá òun jiyàn.

Ní ti káàdì, ìwé àkọsílẹ̀ tàbí fóònù, èyí tó bá rọ ẹ lọ́rùn ni kí o mú. Ẹ̀dà kejì ni mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní 1862, iná jó ilé Ajayi Crowther l'Ékòó, àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tó ti fi ọdún pípẹ́ ṣà jọ sì jóná mọ́ ọn. Crowther sì tún lò tó ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n láyé lẹ́yìn iná náà. Òwe wo ló wà níbẹ̀ tí a ò gbọ́ mọ́?