Omi Ni Kó O Kọ́kọ́ Wá

Ọjọ́ tí mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé àkọ́bí mi lọ́wọ́, tí mo ń to irinṣẹ́ mi sínú àpótí, èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ wa wá dúró tì mí. Scanner tí wọ́n fi ń yẹ mọ́tò wò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Kí èyí tó dé, kí lẹ fi ń mọ ohun tó ń ṣe Benz?" Mo ní ojú ni, etí ni, imú sì ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Mi ò ṣàwàdà. Ìbéèrè náà bá mi délé, kò jẹ́ kí n sùn, torí mo rí i pé bí àwa tó kù kò bá sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ yìí á máa rò pé ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà wọ inú mọ́tò ni iṣẹ́ rìwáyà bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1976 ni bàbá mi fà mí lé ọ̀gá mi lọ́wọ́ ní Mọ́lété, n'Íbàdàn. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Kò tíì ju ọdún mẹ́rin lọ tí ìjọba ní kí gbogbo wa kúrò lápá òsì títì, kí a máa wakọ̀ lápá ọ̀tún. 2 Oṣù Kẹrin 1972 ni. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ni wọ́n gbé sítíárì wọn kúrò lọ́tùn-ún bọ́ sí òsì nígbà náà, ọ̀gá mi sì wà lára àwọn tó ń bá wọn tún wáyà tò. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Peugeot tí wọ́n ń tò ní Kàdúná àti Volkswagen tí wọ́n ń tò l'Ékòó láti 1975 ló kún ìgboro, àwọn ló sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ rìwáyà. Ọ̀gá mi ní tòun, Benz lòun fẹ́.

Ọdún tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni wọ́n gbé Benz 123 jáde ní Jámánì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, dókítà, lọ́yà àti àwọn ọlọ́jà ńlá ló ń gùn ún. Nínú èyí tó bá pé dáadáa, bí o bá yí kọ́kọ́rọ́ ní ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, gbogbo ilẹ̀kùn tó kù á tì pa pọ̀, bọ́ọ̀tù náà á tì. Mo mọ àwọn rìwáyà tó tú mọ́tò palẹ̀ nítorí àtirí wáyà tó ń ti ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn. Wọn ò rí i, torí kò sí níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ló ń ti ilẹ̀kùn, rọ́bà tín-ín-rín ló sì ń gbé e káàkiri inú mọ́tò bí iṣan inú ara.

Lọ́jọ́ kan, òyìnbó kan tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn wa 240D rẹ̀ wá, ọkọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì. Ó pa á, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò, ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Mẹkáníìkì méjì ti tú pọ́ǹpù epo rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀gá mi kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí n tú awọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì. Ó gbé etí lé e, ó fi ìka tọ rọ́bà náà títí ó fi débi tí ó ti sán, ó gé ibi tó ti kú sọnù, ó tì í padà sí ẹnu rẹ̀. Ó ní kí òyìnbó wá pa mọ́tò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kú wẹ́rẹ́. Afẹ́fẹ́ kan náà tó ń ti ilẹ̀kùn ló ń pa ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì yẹn. Bó bá ń jò lẹ́yìn, kò ní lágbára mọ́ níwájú. Ọ̀gá mi kò lè ka ìwé ìròyìn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó kọ́ ọ nípa 240D. Ó ronú dé ibẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá pe àwọn ará àtijọ́ ní òpè.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Á ní, "Omi ni kó o kọ́kọ́ wá. Bí o ò bá rí omi, wá áàtì. Bí áàtì bá dáa, wo fíúùsì. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o tó máa gbọ́n." Wáyà búráùn ni áàtì lára mọ́tò Jámánì, òun ló sì ń kọ́kọ́ tọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti so ó mọ́ irin, á fi sáńpépà ha ibẹ̀ títí yóò fi dán.

Fíúùsì ìgbà náà kò rí bí ti òní. Ọ̀pá kékeré ni, irin pẹlẹbẹ kan gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá: èyí tó jẹ́ yẹ́lò gba ámpíà 5, funfun 8, pupa 16, búlúù 25. Ìpẹtà a máa jẹ irin yẹn lẹ́nu. Fíúùsì kò jó, síbẹ̀ iná kò ní kọjá: wáípà á dákẹ́, họ́ọ̀nù á dákẹ́, fáànù ẹ́ásì á dákẹ́. Ọ̀gá mi á fi àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá yí i lójú kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbogbo wọn á jí. Kì í gbowó lórí ìyẹn. Bí fíúùsì bá sì jó lóòótọ́, tí ọmọ iṣẹ́ sáré gbé tuntun wá, ó ní ìbéèrè kan tó máa bi í: "Kí ló jó o?" Bí o ò bá rí èsì fún un, o ò gbọdọ̀ fi tuntun sí i.

Irinṣẹ́ kan ṣoṣo tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn ni tẹ́sítà rẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló ṣe é: gílóòbù 5 wáàtì kan nínú ilé idẹ rẹ̀, sípóòkù kẹ̀kẹ́ tó pọ́n ṣónṣó, wáyà búráùn gígùn kan tó ní kílíìpù eléyín lẹ́nu. Túùbù kẹ̀kẹ́ ló fi wé ọrùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mú kí rọ́bà náà dán bí awọ bàtà. Ó ní mítà a máa tan ènìyàn. Wáyà tí ìpẹtà ti jẹ tán nínú lè fi 12 fólítì hàn lójú mítà. Ní kó gbé gílóòbù, wàá rí i pé bàìbàì ni yóò tàn. Ó ní ẹni tó bá ń fọ́nnu pé òun lágbára, ẹrù là ń gbé rù ú.

Ní 31 Oṣù Kẹjọ 1980, odò Ògùnpa ya wọ ìgboro. Ẹ̀mí lọ, ilé lọ, ẹni tó rí i kò lè gbàgbé. Lẹ́yìn tí omi fà, wọ́n ń wọ́ mọ́tò tó kún fún ẹrẹ̀ wá bá wa. Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n so bátìrì mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà kí ẹni tó ni ín lè gbọ́ ìró rẹ̀ kó sì sanwó. Ọ̀gá mi kò gbà. Ó ní kí á yọ bátìrì, kí á kó àga àti kápẹ́ẹ̀tì sóòrùn, kí á já gbogbo ẹnu wáyà, kí á fi búrọ́ọ̀ṣì àti pẹtiróòlù fọ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ méjì lórí mọ́tò kan. Àwọn oníbàárà bínú, àwọn kan gbé mọ́tò wọn lọ. Kí ọdún tó yí po, àwọn tó lọ yẹn ti ń padà bọ̀: gíláàsì kò gòkè mọ́, iná iwájú ń kú lójú ọ̀nà. Èmi ni mo fọ ẹnu wáyà jù lọ nínú àwa mẹ́rin, ìdí nìyẹn tí ó fi gbé tẹ́sítà náà lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ fìrídọ̀mù mi ní 1981. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi nídìí iṣẹ́ kò fẹ́ràn rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi mi.

Ohun tó tẹ̀ lé e, kíá ni mo fẹ́ sọ ọ́. Mo gbéyàwó, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi, ọ̀gá mi papò dà. Ní 1986 owó náírà já wálẹ̀, àwọn tó ń ra Benz tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀nà Kutonú fún tòkunbọ̀. Èyí tí súwíìṣì àga rẹ̀ rí bí àga kékeré lára ilẹ̀kùn, a kọ́ ọ. V-boot dé pẹ̀lú wáípà kan ṣoṣo tó ń nà tó sì ń sún kì, bí gíríìsì bá gbẹ nínú gíà rẹ̀ á fọ́. A kọ́ ọ. Ti 1991 tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń fa ara rẹ̀ pa, a kọ́ òun náà. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa, ọwọ́ wa la fi kọ́ ọ, mo sì tún fi kọ́ ọmọ mọ́kànlá.

Èyí tó dé lẹ́yìn ìyẹn ló korò. Tẹ́lẹ̀, bí o bá tẹ súwíìṣì gíláàsì, iná á gba wáyà lọ sí mọ́tọ̀ rẹ̀, gíláàsì á sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó yá, súwíìṣì kò gbé iná mọ́, iṣẹ́ ló ń rán. Ó ń sọ fún àpótí kan, àpótí yẹn ń sọ fún òmíràn lórí wáyà méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀, èyí tó kẹ́yìn ni yóò wá pinnu. Gílóòbù 5 wáàtì máa ń fa bí ámpíà 0.4, bí o bá fi í gún wáyà tó ń gbé ọ̀rọ̀ nìkan, o lè pa àpótí náà. Mo mọ ìyẹn, kò sẹ́ni tó ní láti sọ ọ́ fún mi. Mo ra mítà tó dára, mo ká tẹ́sítà ọ̀gá mi sínú àpótí irin mi, mo ń lò ó fún àwọn mọ́tò àgbà nìkan.

Ní 26 Oṣù Kẹjọ 2011, òjò ńlá tún rọ̀ n'Íbàdàn. Afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn, ṣọ́ọ̀bù mi kò sì jìnnà síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí jáàkì mi nínú ẹrẹ̀, mo rí ìlàjì ẹnu ọ̀nà. Àpótí irin náà, mi ò rí i títí dòní. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin tọ etí odò. Omi tí ọ̀gá mi fi gbogbo ayé rẹ̀ bá jà ló gbé tẹ́sítà rẹ̀ lọ.

Ẹ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn, torí ní 2013, Alhaji kan tí mo ti ń bá ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án gbé Benz rẹ̀ wá, ọkọ̀ 2002. Gíláàsì ẹ̀yìn lápá ọ̀tún kò gòkè. Wáyà já níbi tó ti ń ká láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀. Mo so ó, mo wé e, ó lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òjò rọ̀, họ́ọ̀nù mọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún fúnra rẹ̀ lóru, wáípà ń lọ láìsí ẹni tó tàn án. Wọ́n gbé e lọ síbi tí kọ̀ǹpútà wà. Kọ̀ǹpútà ní àpótí tó ń pín iná lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ti kú. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ fún Alhaji pé tẹ́sítà rìwáyà ẹ̀bá ọ̀nà ló pa á.

Alhaji dé ṣọ́ọ̀bù mi, ó dúró lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ó ní, "Ìwọ lo ba mọ́tò mi jẹ́." Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Alhaji, ẹ̀yìn ni mo ti ṣiṣẹ́, mi ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí n wo ibi tí omi ń gbà." Abẹ́ igi máńgòrò ni mọ́tò náà ń sùn lọ́gbà rẹ̀. Ewé á máa já sí ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, á dí ihò tí omi òjò ń gbà jáde, omi á dúró, á sì wá ọ̀nà bọ́ sórí àpótí yẹn. Alhaji kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Wọ́n fi àpótí mìíràn sí i, òjò tún pa ìyẹn náà. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ló wá sọ fún mi lẹ́yìn oṣù mélòó kan pé ewé púpọ̀ ni wọ́n kó jáde níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò wá bá mi. Oníbàárà mẹ́fà ni mo pàdánù lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Tẹ́sítà tí wọ́n ní mo fi pa á, ó ti tó ọdún méjì tí odò ti gbé e lọ.

Mi ò bá scanner jà. Ọmọ mi ń lò ó, ó ń dá àkókò sí. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó ń sunkún ni scanner máa ń sọ, kì í sọ ẹni tó nà án. Bátìrì tó kún máa ń ní fólítì 12.6, jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ 12, kí o wá so scanner mọ́ mọ́tò olówó ńlá, ẹ̀sùn tó máa kà lè kún ojú rẹ̀, bátìrì nìkan ló sì jẹ̀bi. Àwọn ọmọ á máa pàrọ̀ àpótí. Ẹni tó ni mọ́tò á máa sanwó.

Lọ́jọ́ kejì tí ọmọ iṣẹ́ yẹn bi mí léèrè, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti fẹ̀yìn tì. Benz kan wà nílẹ̀ tí iná inú rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ọmọ náà ti gbé scanner. Mo ní kó gbé e kalẹ̀ ná, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó fi ọwọ́ sísàlẹ̀ gíláàsì títí apá rẹ̀ kò fi ní lè lọ mọ́. Ó kó ewé jáde, ó tún kó o jáde, dúdú, ó ti ń jẹrà. Mo bu omi kọ́ọ̀pù kan síbẹ̀, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò. Ó pẹ́ díẹ̀. Omi náà wá kán sílẹ̀ lẹ́yìn táyà iwájú, lẹ́yìn náà ó ń ṣàn.

Mo ní, "Ó dáa. Tan scanner rẹ báyìí."