Ẹja tó ń na ìyàwó ẹ̀ ní Bódìjà

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹni tó bá rò pé àárín ọmọ aráyé nìkan ni ìjà ilẹ̀ wà, kó lọ jókòó síwájú àpótí gíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja sí. Ohun tójú bàbá kan rí ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, kì í ṣe kékeré.

Báńkì kan ní Dùgbẹ̀ ni bàbá yìí ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ ti lọ tán, ló bá ku òun àtìyàwó ẹ̀ nínú ilé ńlá. Bíyọ̀ bá pọ̀ lọ́bẹ̀, ìjà ni. Bí wọ́n bá gbé àga kúrò láàyè ẹ̀, ìjà ni. Àwọn ọmọ ní kó wá nǹkan fi ṣeré, ló bá ra àpótí gíláàsì, ó kó ẹja mẹ́jọ sí i. Méjì nínú wọn, takọ-tabo, ni ẹja pupa táwọn òyìnbó ń pè ní jewel fish. Inú odò ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ló ti wá, mọ̀lẹ́bí epìyà sì ni.

Kò pẹ́ táwọn méjèèjì fi gba igun kan tí wọ́n fẹ́ yé ẹyin sí, ni wọ́n bá ń lé gbogbo ẹja tó bá yọjú síbẹ̀. Bàbá bínú, ó kó àwọn mẹ́fà yòókù kúrò, ó ní kí tọkọtaya máa gbádùn ara wọn. Àṣé wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, akọ ti fa lẹ́bẹ́ abo ya jálajàla, ìyẹn há sẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, kò lè jẹun.

"Bàbá Ìbejì," ìyàwó ẹ̀ ló rọra sọ bẹ́ẹ̀, "ẹja yín yìí mà jọ ẹnì kan tí mo mọ̀ o."

Bàbá ò fèsì. Agbowó ló gbà lọ, lọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó ta ẹja fún un. Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín músẹ́: "Dádì, ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ fà á. Aládùúgbò lọkọ ń bínú sí tẹ́lẹ̀. Ẹ ti kó aládùúgbò lọ, ìyàwó ló kù." Ó ní Konrad Lorenz, ọmọ Austria tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1973, ti kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1963.

Ó ní kí bàbá fi gíláàsì dí àárín àpótí, kí abo wà lọ́tọ̀ títí ara ẹ̀ yóò fi yá. Kó wá ìkòkò amọ̀ fífọ́ sí i, kẹ́ni tí wọ́n ń lé lè ríbi sá sí. Kó tún òkúta tò lákọ̀tun kó tó dá abo padà, torí akọ tí kò mọ ààlà ẹ̀ mọ́ kò ní lè jẹ gàba bíi tàná. Kó wá kó àwọn mẹ́fà yòókù sódì kejì gíláàsì, kí akọ máa rí wọn, àmọ́ kọ́wọ́ ẹ̀ má tó wọn.

Bàbá ṣe é bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́bẹ́ abo hù padà. Akọ ń fẹjú mọ́ aládùúgbò láti ẹ̀yìn gíláàsì, kò fọwọ́ kan ìyàwó ẹ̀ mọ́.

"Ìyá Ìbejì," bàbá sọ lálẹ́ ọjọ́ kan, "àbí èmi náà nílò gíláàsì ni?"

"Ẹja ni kò lẹ́nu tó lè fi bẹ̀bẹ̀, Bàbá Ìbejì. Ẹ̀yin ní."

Alẹ́ ọjọ́ náà ló bẹ̀ ẹ́. Ìjà ò tíì tán pátápátá nínú ilé náà o. Àmọ́ bínú bá ti ń bí bàbá báyìí, Ring Road ló ń gbà lọ, ó ń lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ta ayò. Tínú ẹ̀ bá rọ̀ tán, á padà wálé wá jẹun.