Èèpo Kòkó, Kẹ́ẹ̀gì Oògùn, Ọ̀rá Omi

Ní ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà kan ní Òdòdé Ìdànrè, mo ka àwọn ohun tí wọn kò dà nù: ìgò ọtí òyìnbó tí ẹ̀pà yíyan kún inú rẹ̀, agolo mílíìkì tí wọ́n fi ń wọn gààrí, táyà tí wọ́n gbin ewédú sí, èèpo iṣu tí ewúrẹ́ ń jẹ. Mo bi wọ́n bóyá ó yẹ kí òfin máa fipá mú ènìyàn ya pàǹtírí sọ́tọ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ohun tó bá wúlò, ta ni í dà á nù?"

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òkìtì ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan wà lẹ́bàá ògiri. Ìyẹn ni wọ́n fẹ́ dáná sun lálẹ́.

*

Ọmọkùnrin tó ń ti ọmọlanke kiri, tó ń ké "kóńdẹ̀mù!", máa ń ra irin, páànù àti bátìrì ọkọ̀. N kò tíì gbọ́ kó ké pé òun ń ra ọ̀rá.

*

Bí wọ́n bá la kòkó tán lóko, òkìtì èèpo ló ń kù. Àwọn tó mọyì rẹ̀ ń sá a, wọ́n ń sun ún, wọ́n sì ń fi eérú rẹ̀ ṣe ọṣẹ dúdú. Bí wọ́n bá pa á tì sábẹ́ igi, àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú á máa gbèrú nínú rẹ̀, òjò á sì tún ta á sára èso. Àrùn náà kì í sì í dúró sí ààlà oko ẹni tó pa èèpo náà tì. Ibí yìí ni mo ti gbà pé òfin ní ohun tó lè ṣe nínú ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí.

*

Èyí tó ń dùn mí jù ni kẹ́ẹ̀gì oògùn kòkó. Ó nípọn, ó ní ìdérí tó le, ó sì ń ṣe ènìyàn bíi pé kó má sọ ọ́ nù. Wọ́n á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n á fi yanrìn bó o, wọ́n á wá rọ epo pupa sí i, tàbí kí wọ́n fi gbé omi mímu lọ sóko. Àwọn àgbà ṣì rántí Gamalin 20, oògùn kòkó àtijọ́. Lindane ni oògùn inú rẹ̀, òun náà sì ni àwọn orílẹ̀-èdè fi sínú àwọn oògùn tí Àdéhùn Stockholm kà léèwọ̀ lóko ní 2009. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ a máa wọnú ike. Fífọ̀ kì í kó o tán.

Ohun tó yẹ kò le: kí a ṣan kẹ́ẹ̀gì nígbà mẹ́ta, kí a da omi rẹ̀ padà sínú ẹ̀rọ tí a fi ń fín kòkó, kí a sì dá a lu, kó má baà wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Èmi fara mọ́ ọn kí òfin fipá mú èyí, kó sì kọ́kọ́ mú ẹni tó ń ta oògùn. Kó máa gba òfìfo padà kó tó ta tuntun, bí a ti ń san owó ìgò bí a kò bá mú ìgò bíà wá. Ní Jámánì, láti 2003, òfin ti fi sẹ́ǹtì 25 lé orí ìgò oníke omi tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì ń dá owó náà padà fún ẹni tó bá dá ìgò padà.

*

"Wolé-wolé ń bọ̀!" Nígbà kan rí, ariwo yìí tó láti mú kí odindi àdúgbò gbá ilẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó yìí á yọjú wo àmù bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà tí ìjọba ológun Buhari àti Ìdíàgbọn dá WAI, ìyẹn ogun tí wọ́n gbé ti ìwà àìníbàwí, sílẹ̀ ní 1984, Sátidé ìmọ́tótó dé. A ń kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà, a ń kó o jọ sí etí gọ́tà, òjò sì ń gbé e padà. Ní Èkó, ilé ẹjọ́ dá a ní 2015 pé ìjọba kò láṣẹ láti sé ènìyàn mọ́lé nítorí ìmọ́tótó. Ní 2016 ìjọba ibẹ̀ fagi lé Sátidé ìmọ́tótó. Kò dùn mí. Ẹni tó fipá mú mi gbálẹ̀ kò tíì pèsè ibi tí màá da ilẹ̀ náà sí.

*

Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lé ní 600. Níbi tí àwọn tó ń gòkè ti ń sinmi, ọ̀rá omi wà láàárín àpáta. Àwọn baba wa gbé orí òkè yìí títí di nǹkan bí 1923. Ewé ni wọ́n fi ń di ẹrù, amọ̀ ni ìkòkò wọn. Ààfin àtijọ́ ni àlejò ń lọ wò níbẹ̀ lónìí. Àlejò kò bá òkìtì ìdọ̀tí àwọn baba wa.

*

Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ tó bu owó ìtanràn lé ìyá àgbà kankan, ẹ gbé ibi tí a ó máa kó ọ̀rá sí wá sí ọjà, kí ẹ sì fi owó rà á lọ́wọ́ wa. Kẹ́ẹ̀gì oògùn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí epo bá wà nínú kẹ́ẹ̀gì oògùn nílé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi epo náà sebẹ̀.