Ìlú ńlá àti ife-ẹ̀yẹ líìgì

Kì í ṣe dandan kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú ńlá máa gba ipò kìíní. Èkó ni ìlú tó tóbi jù ní Nàìjíríà, síbẹ̀ láti ìgbà tí ẹgbẹ́ Julius Berger ti Èkó ti gba líìgì lọ́dún 2000, ẹgbẹ́ Èkó kankan kò gbà á mọ́ títí sáà 2024/25 fi parí. Láàárín àkókò yẹn, Enyimba ti ìlú Aba gbà á lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.

Owó ló fà á, àmọ́ kì í ṣe owó ọjà Èkó. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ líìgì yìí, gómìnà tó bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù sì lè sọ ẹgbẹ́ kékeré di ńlá. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kò tó nǹkan, nítorí náà èrò tó kún ìlú kò wúlò tó bẹ́ẹ̀. Àní, Arsenal àti Chelsea ni ọ̀pọ̀ èrò Èkó ń wò. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ní tirẹ̀ fi owó aládàáni gba líìgì ní 2025.

Níbi tí tíkẹ́ẹ̀tì àti tẹlifíṣọ̀n bá ti ń mówó wọlé, ìlú ńlá a máa jàǹfààní, bó tilẹ̀ pẹ́. Líìgì Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní 1888, ṣùgbọ́n ó di 1931 kí ẹgbẹ́ Lọ́ńdọ̀nù kan, Arsenal, tó gbà á. Àmọ́ ní Jámánì, ẹgbẹ́ Berlin kankan kò tíì gba Bundesliga láti 1963 tó ti bẹ̀rẹ̀. Ogun àti ìpínyà ìlú náà lé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá jáde. Munich, ìlú ẹgbẹ́ Bayern, ni Siemens kó olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lọ.