Páànù kọ́ńpáàsì tó mú gìtá bàbá wa sọ̀rọ̀

Ó pẹ́ tí a ti ń ka ìtàn àwọn ẹlòmíràn níbí. Lónìí, ẹ jẹ́ ká sọ tiwa.

Àwa méjì, ọmọ ìyá kan náà, la jọ ṣe iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan nínú wa ń kọ́ àwọn ọmọ ní physique-chimie ní CEG, èkejì ń tún rédíò ṣe. Àbúrò bàbá wa ló ni gìtá náà, òun la sì ń pè ní bàbá láti ìgbà tí bàbá tó bí wa ti lọ. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, òde tí wọn kò bá pè é sí kò tíì kún. Kì í kọrin púpọ̀. Gìtá ló fi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń fi dùndún sọ ọ́. A máa kí èèyàn, a máa bú èèyàn díẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ á máa rẹ́rìn-ín. Bí okùn bá já, wáyà ìjánu kẹ̀kẹ́ ló fi ń rọ́pò rẹ̀. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, Lionel Loueke, ọmọ ilẹ̀ Benin wa tí ayé mọ̀ lónìí, ti sọ pé òun náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú bàbá. Ó dìde, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò bọ̀ sípò tán. Ọwọ́ òsì ṣì mọ ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà lórí okùn, àmọ́ ọwọ́ tí yóò ta á kò lágbára mọ́. Ohùn á jáde díẹ̀, á sì kú kíá. Ó gbé gìtá kọ́ sára ògiri. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún wa pé kì í wo apá ibẹ̀ mọ́.

Èyí ló mú wa ronú kan overdrive. Ẹ̀rọ kékeré ni, àárín gìtá àti ampli ló ń wà, ẹsẹ̀ la fi ń tẹ̀ ẹ́. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Tube Screamer tí Ibanez gbé jáde láti Japan ní ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1970. Àwọn ọ̀dọ́ ń lò ó kí gìtá wọn lè máa bú ramúramù. Ohun mìíràn làwa rí nínú rẹ̀: ó ń gbé ohùn tó rẹlẹ̀ sókè, ó sì ń dá èyí tó ga jù dúró, débi pé títa jẹ́jẹ́ àti títa líle fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohùn kì í sì í tètè kú. Apá wa kò ká owó rẹ̀, la bá ní ká ṣe é fúnra wa.

Ọkàn ẹ̀rọ náà ni kòkòrò dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 4558. A yọ ọ́ lára mixer kan tó ti bàjẹ́. Diode méjì, 1N4148, a rí wọn nínú rédíò àlòkù.

Bàbá jókòó tì wá bí a ti ń fi òjé lẹ̀ wọ́n. Ó nawọ́ sí diode: "Kí lèyí ń ṣe?" Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wa. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa. "Écrêtage" wà lórí ahọ́n, ṣùgbọ́n kí la fẹ́ fi ìyẹn sọ fún àgbàlagbà? Ojú ti olùkọ́. A ṣáà rọra sọ pé: "Bàbá, ohùn gìtá dà bí èèyàn tó fẹ́ wọlé. Ẹni kúkúrú á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni gíga á forí gbá àtérígbà, orí rẹ̀ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ." Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. "Kí ló dé tí wọ́n fi jẹ́ méjì?" A ní ohùn ń lọ, ó sì ń bọ̀, diode kan, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń ṣọ́, ìdí nìyẹn tí èkejì fi kọjú sí òdìkejì. Ó ní: "Áà, oníbodè ni wọ́n, bíi ti Àkàbà Ìdènà." Láti ọjọ́ náà, oníbodè là ń pe diode nílé wa, títí kan inú kíláàsì.

Inú ike ọṣẹ la kọ́kọ́ tò ó sí. Lálẹ́ tí a dán an wò, kí bàbá tó fọwọ́ kan okùn, a gbọ́ ohùn ọkùnrin kan nínú ampli tó ń ka ìròyìn. Rédíò ni ẹ̀rọ wa ń gbà! Bàbá ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti fi gìtá mi sílé-ìwé, Faransé ló ń sọ." A rẹ́rìn-ín títí. Ní ọjọ́ kejì, a kó gbogbo rẹ̀ sínú páànù tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kó kọ́ńpáàsì sí, a so páànù náà mọ́ masse, a fi condensateur 100 pF sí ẹnu àbáwọlé. Akéde bá dákẹ́.

Ìṣòro gidi wá dé. Ohùn pọ̀, ó gùn, kò kú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Bàbá ta "O kú iṣẹ́" sí ìyàwó rẹ̀ tó wà ní ilé ìdáná. Ìyá kò dáhùn. Ó kàn béèrè pé ta ló ń lọ ata lálẹ́ yìí. Bàbá gbé gìtá sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn dùn wá ju kó bínú lọ.

A padà sídìí ìṣirò. Bí a bá yí bọ́tìnì drive dópin, ẹ̀rọ náà ń sọ ohùn di ìlọ́po 118. Tí okùn méjì bá jọ dún, wọ́n á pò mọ́ra lọ́dọ̀ oníbodè, wọ́n á bí ohùn mìíràn tí ọwọ́ kankan kò ta. Ẹ sì mọ èdè wa: bí òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ bá pòórá, kí ló kù? Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohùn tó bá wà nísàlẹ̀ 720 Hz kì í rí agbára gbà tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ yìí, bẹ́ẹ̀ àwọn okùn ńlá ni bàbá fi ń ṣe ìyá ìlù.

A yọ potentiomètre 500 kΩ, a fi 100 kΩ rọ́pò rẹ̀. Ìlọ́po 118 di 33. A fi condensateur 100 nF sí ipò 47 nF, 720 Hz bọ́ sí nǹkan bí 340. Lẹ́yìn náà la gbé àtérígbà sókè: a yọ oníbodè méjèèjì, a fi iná pupa kéékèèké tó ń wà lára ṣájà sí i, torí ìyẹn kì í ṣí títí dìgbà tó bá kọjá vólítì kan ààbọ̀, nígbà tí 1N4148 ń ṣí ní nǹkan bí 0.6. Ọ̀rọ̀ padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó rọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ọwọ́ tó rọ̀. A tú u. A tún un tò. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi ṣe èyí, ìwé ìdánwò àwọn ọmọ sì ń dúró lórí tábìlì. Níkẹyìn, a fi iná pupa kan sí apá kan, a fi 1N4148 méjì tó tẹ̀lé ara wọn sí apá kejì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, bàbá tún ta á: "O kú iṣẹ́."

Láti ilé ìdáná, ìyá dáhùn pé: "Ẹ kú ìjókòó o!" Ó tún jáde wá, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró síbẹ̀ ó ń wo gìtá.

Báyìí, bàbá ní ká yọ bọ́tìnì drive kúrò pátápátá, torí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń yí i. Ọ̀kan nínú wa ní ká fi résistance kan rọ́pò rẹ̀, kó parí. Èkejì ní ká fi í sílẹ̀, torí ọwọ́ bàbá kì í dúró sójú kan: láàárọ̀ ó le díẹ̀, lálẹ́ ó rọ̀. A kò tíì fẹnu kò.